Ṣé Ọmọ Náà Gúnlẹ̀?

Ìwà kan wà tí mo fi máa ń yangàn. Bí mo bá ní kí èèyàn ka ìwé kan, mi ò ní sọ ìparí rẹ̀ fún un, bó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ìwà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti àbúrò ìyá mi jẹ́.

Tíṣà ni Àǹtí kó tó fẹ̀yìn tì. Abéréke ló ń gbé, ó ń yan ẹja tà, ọkọ rẹ̀ sì ń pẹja lójú òkun. Nínú gbogbo ẹbí wa, òun nìkan ló fẹ́ràn àwọn ìwé tuntun tí èèyàn ti ń fò, tí igi ti ń sọ̀rọ̀, bíi tèmi. Bí mo bá ti ka ọ̀kan tán ní Araromi níbí, màá dì í sínú ọ̀rá méjì, màá fi rán ọlọ́kọ̀. Tí ìwé bá padà dé, òórùn èéfín á ti gbà á kan. Ojú ewé tó bá dùn mọ́ Àǹtí jù ni òróró ẹja máa ń pọ̀ sí jù.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi apá kìíní ìwé alápá mẹ́ta kan ránṣẹ́ sí i. Ọmọbìnrin kan ló fi òjìji ara rẹ̀ ṣe ìgbòkun, ó sì tukọ̀ lọ sí ìlú tí àwọn òkú ti ń ná ọjà. Mo pè é, mo ń ròyìn ìwé náà bí ẹni ń polówó ọjà. Ó dá mi dúró.

"Ṣé ọmọ náà gúnlẹ̀?"

Mo ní kó lọ kà á. Ó ní òun ò ní ṣí i àfi tí mo bá sọ. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, àṣé kò ṣeré. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìwé fi wà lórí àpótí rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́. Síbẹ̀, olórí kunkun ni mí, mi ò sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjì jà lójú òkun. Nígbà tó rọlẹ̀, mo rí ọkọ Àǹtí létí òkun wa, òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ lọ. Wọ́n tutù rinrin, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ́ńjìnnì wọn ló kú, ọkọ̀ mìíràn ló fi okùn wọ́ wọn wá. Fóònù wọn ti mumi, ni mo bá pe Àǹtí. Ìtàn ńlá ti wà lẹ́nu mi. Ó gbé e, kò kí mi, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Níbí, bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú òkun, ẹni tó gúnlẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ sọ, kí ìròyìn tó tẹ̀ lé e. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti gúnlẹ̀, Àǹtí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà."

Mo gbọ́ tó jókòó.

"Ó yá, ọma mi, sọ ìtàn rẹ. Mo ti lè gbọ́ ọ báyìí."

Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí díẹ̀. Kó tó pa fóònù, mo ní, "Ọmọ inú ìwé yẹn náà gúnlẹ̀, Àǹtí."

Mo fi apá méjì tó kù ránṣẹ́, kò sì pé oṣù kan tó fi ka apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Kò sí ojú ewé tí òróró ẹja ò kàn.