Ọjọ́ Tí A Gbá Iṣẹ́ Pọ̀ Mọ́ Ìdọ̀tí

Ní agbo ilé wa ní Ikpinlè, gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé ló ń pè mí ní ọkọ, títí kan èyí tó pọ̀n mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọkọ tí kò gbé oúnjẹ wálé rí ni mí. Olùkọ́ ni mí ní Adja-Ouèrè, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì rí pé ó wúlò lára mi ni Faransé tí mo gbọ́.

Faransé náà ni wọ́n torí rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí lọ́dún tí kpayò, epo bẹntiróò tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà, di ọ̀wọ́n gógó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gaari. Ẹ̀rọ arúgbó tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu epo bí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀. Nígbà tí agbára wọn kò ká a mọ́, wọ́n padà sídìí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, wọ́n ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ títí awọ ń bó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ tútù fún àwọn oníkámíọ̀n, àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Bí ẹ̀rọ mìíràn kò bá dé, ẹgbẹ́ fẹ́ tú ká nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ kan ní Cotonou wá ní àwọn ń wá àgbẹ̀ tí àwọn yóò fi owó ràn lọ́wọ́, kí iná oòrùn lè máa ṣe iṣẹ́ tí epo ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn yóò kọ́kọ́ wá fi ojú ara àwọn rí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbá gbogbo èèpo dànù, wọ́n fi amọ̀ tuntun rẹ́ ààrò, wọ́n yá bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́, wọ́n yá ẹní ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì daṣọ bo ẹ̀rọ arúgbó náà lórí bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí mo fi máa gun alùpùpù débẹ̀, gbogbo wọn ti wọ aṣọ ọdún.

"Ẹ ò wá lé tìróò?" ni mo bi wọ́n.

"A ti lé e, ọkọ mi," ni ìyàwó àbúrò bàbá mi dáhùn, àgbàlagbà tó pọ̀n mí yẹn. "Ìwọ ni kò ráyè wò wá. Bàtà rẹ tó yanu sílẹ̀ yẹn, ṣé ebi ń pa á ni?"

Màdáámù kan, ọmọ Fọ̀n, tí ilé iṣẹ́ náà rán wá, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó mà mọ́ tónítóní o. Ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ dà?"

"Ibí náà ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Màdáámù fọwọ́ kan ààrò, amọ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó wá èèpo ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo nílẹ̀, kò rí.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Wọ́n ti mú wa lọ wo irú ibí yìí rí. Ààrò mọ́, obìnrin ń rẹ́rìn-ín. A wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹnikẹ́ni kò yan gaari níbẹ̀ rí. Àwọn ará Kpoulou ń dúró dè wá." Ó kọjú sí ọkọ̀.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó korò lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dí Màdáámù lọ́nà.

"Sọ fún un kó wá wo yàrá mi."

"Yàrá yín kẹ̀?"

"Mo ní kí o túmọ̀, mi ò ní kí o bi mí!"

Ó ká aṣọ ojú ilẹ̀kùn sókè. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ló kọ́kọ́ kí wa. Àpò ẹ̀gẹ́ rínrin kún ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ògiri, òkúta wà lórí wọn, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ àpótí aṣọ. Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an, asẹ́ àti páànù ló sùn síbẹ̀.

"Iṣẹ́ wa nìyí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kò lè wo ojú àlejò. "Ojú ló tì mí. Mi ò fẹ́ kó gbóòórùn wa."

Màdáámù wò títí, ẹ̀rín wá gbé e, ó di àtẹ́rígbà mú.

"Ìyá tèmi náà ń kó ìkòkò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí àlejò bá ń bọ̀!" Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ dáná."

Bí aṣọ ọdún ṣe di aṣọ iṣẹ́ nìyẹn. Ààrò tútù rú èéfín bò wá, gbogbo tìróò ṣàn. Àwọn kan ń sẹ́, àwọn kan ń yan. Láàárín ikọ́, Màdáámù béèrè pé bí ẹ̀rọ tuntun bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni yóò tún un ṣe.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi bu abọ́ gaari kan nínú èyí tó kọ́kọ́ jinná, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ arúgbó.

"Ti ta nìyẹn?"

"Ti ẹ̀rọ ni. Ìgbàkigbà tí a bá yan, tirẹ̀ la ń kọ́kọ́ bù. A ó tà á, a ó fi ra bẹ́líìtì àti abẹ fún un."

"Ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ó ń ṣàìsàn ni. Ṣé wọ́n máa ń fi ebi pa aláìsàn ní Cotonou?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà, mi ò yọ ẹ̀gún kankan lára rẹ̀. Màdáámù kò ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ní kí awakọ̀ pa ọkọ̀ náà. Ó dúró títí gaari fi jinná tán.

Lẹ́yìn ìgbà òjò, ìdáhùn dé: apá kan owó náà jẹ́ ẹ̀bùn, apá kejì ẹgbẹ́ yóò máa dá a padà lásìkò ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá, wọ́n to pátákó tó ń gba oòrùn sórí òrùlé.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ń yí láìsí èéfín, láìsí ariwo tó ń dini létí. Kò pẹ́, ìkùukùu bo oòrùn, ẹ̀rọ rọra dákẹ́. Wọ́n bú ìkùukùu, wọ́n bú èmi náà, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ kí oòrùn tó padà.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan lára àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ yọ́ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa àpótí, ó jókòó sí ìkángun. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀, ó mú èyí tó mú jù, ó tì í sọ́dọ̀ obìnrin náà.