Ẹní Tí Wọ́dà Dá Padà

Òórùn ẹní tuntun dá mi dúró lọ́jà Kábà lánàá. Irú rẹ̀ ni mo rù tẹ̀lé ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí a lọ wo bàbá mi lọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

"Okun o, ọ̀gá," ni ìyá mi kí wọ́dà.

"Okun, ìyá. Ẹ gbé ẹní yín padà. Kò síbi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wáyà. "Ńṣe là ń sùn tẹ̀lé ara wa; bí àwọn kan bá ń sùn, àwọn yòókù á wà lórí ìdúró. Ó di ọ̀la kó tó kàn mí."

Mo rò pé eré ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsọdipúpọ̀ tí a kọ́ níléèwé fún bàbá mi. N kò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n fi forí ti wáyà, tí wọ́n sùn lórí ìdúró. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé wọn kò tíì dé iwájú adájọ́ kankan nígbà náà.

"Má dákẹ́," ni ìyá mi sọ sí mi létí, "kí bàbá rẹ má baà jí."

Mo kà á tán, mo tún bẹ̀rẹ̀.