Àdìmíṣọ̀n fún Ẹ́ńjìnnì

Mò ń ran ọrùn aṣọ kẹtàdínlógún nínú ogún yunifọ́ọ̀mù tí ilé ìwé kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn gbé fún mi, nígbà tí mẹkáníìkì pè mí lórí fóònù pé kí n wá mú èyí tí mo bá fẹ́ nínú ohun méjì tó wà nílẹ̀ fún ọkọ̀ mi. Ike tí fíltà ọkọ̀ mi ń gbé inú rẹ̀ ló ti là, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ yóò wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, eruku ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn kì í ṣe kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbé e mì, mo pàdánù ọkọ̀, mo pàdánù iṣẹ́.

Mo bá àbúrò ọkọ mi lórí àga mẹkáníìkì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé ni. Ṣòkòtò péńpé ló ń wọ̀ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wọ ilé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó dé. Nítorí náà ọkọ mi kékeré ni. Èmi ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, òun ń fi “o” dá mi lóhùn.

Ohun méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ ilé fíltà tòkunbọ̀, dúdú, tòun ti ìdérí. Èkejì, tí ọkọ mi kékeré gbé wá, pupa, ó ń dán, ó ṣe ṣóńṣó bí òkìtì ọ̀gán. Fíltà lásán ni, ìhòòhò ló wà.

“Ìyàwó wa, o rí i? Inú páálí ló ti jáde! Lédè Faransé ní Àbíjàn, àdìmísíọ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀nà èémí mọ́tò. Àdìmísíọ̀n ni mọ́tò rẹ nílò.”

Mẹkáníìkì mi orí. “Àdìmíṣọ̀n ò rọrùn lóde òní o, ẹ̀gbọ́n.”

Mo ka ìwé girama parí, mi ò rí àdìmíṣọ̀n kankan. Ọkọ̀ tí kò mọ A ni wọ́n wá ń wá a fún.

“Ẹ́ńjìnnì á máa ké bíi kìnnìún!”

“Ọkọ mi, yunifọ́ọ̀mù ni mo ń kó, mi ò lọ ṣọdẹ.”

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọkọ mi kékeré, ó sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

Mo fa téèpù yọ lọ́rùn. Ẹnu èyí tó pupa fi ìlàjì ínṣì fẹ̀ ju ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lọ. Ọkọ mi kékeré ní ká fi rọ́bà táyà wé e. Mo ní bí ṣòkòtò bá fẹ̀ ju oníbàárà mi lọ, mi ò kì í fi rọ́bà wé oníbàárà.

Mo bi mẹkáníìkì bóyá ó lè fi í sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó gbójú sókè bí ẹni ń wo òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

“Ìyá, èyí tí ẹ bá ní kí n fi sí i ni màá fi sí i.”

Ìdáhùn nìyẹn. Mo ní kó de èyí tó dúdú.

“O ò fẹ́ ìlọsíwájú,” ni ọkọ mi kékeré wí. “Àwọn obìnrin Àbíjàn…”

Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ nígbà tí mo gbé fíltà pupa rẹ̀ láti dá a padà fún un. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Nǹkan wà láàárín ìṣẹ́po rẹ̀. Mo rọra gbọ̀n ọ́n, eruku pupa sì dà sórí jalamíà funfun rẹ̀, tòun ti èérún èèsún gbígbẹ kan.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú páálí náà ni eruku yìí wà?”

Ó gbọn jalamíà títí, kò mọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí mẹkáníìkì má baà gbọ́.

“Ìyàwó wa, inú mọ́tò tèmi ni mo ti tú u láàárọ̀. Ìsúndúnrin tó wà nítòsí yìí péré ni mo gbé e lọ, mọ́tò náà ti ń wúkọ́ láti àná.”