Ta Á Ní Kókó

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Bẹẹrẹ mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí. Iṣẹ́ kọ̀ńpútà ni mò ń ṣe: mò ń bá èèyàn tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tòkópì, mo sì ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wo ẹni tí mo ti ń ṣàlàyé fódà fún láti àárọ̀, tó wá bi mí lọ́sàn-án pé, "Àǹtí, fódà wo?" Orí mi á gbóná! Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi ní kí n máa mú bàbá mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní, "Háà, Màámi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Ìjà la ó máa jà."

"Ẹ máa jà," ni ìyá mi wí. "Ẹni tó ń jà ò tíì kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nílé yìí ló ń bà mí lẹ́rù."

Télọ̀ ni bàbá mi. Níbi tí èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba, kò sí ẹni tó fẹ́ dá agbádá tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àìsàn kan ló ṣe é. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yéé gbọ̀n mọ́. Ó ń rọ́jú ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà ilé kéú fi gbé sányán wá, pé agbádá tí òun máa wọ̀ síbi yìgì ọmọ òun nìyẹn. Bàbá mi ń gé ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọwọ́ bá gbọ̀n, àlùmọ́gàjí sì já gba àyà aṣọ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ó wò ó, ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà," ó bá tirẹ̀ lọ. Ìbá bú u, ìbá sàn. Ìtìjú ò jẹ́ kí bàbá mi lọ síbi yìgì náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé àlùmọ́gàjí jù sí ìsàlẹ̀ àpótí, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí kí ojú àwọn méjèèjì má baà ṣe mẹ́rin.

"Rírán ni wọ́n ń tú," ló máa ń wí, "wọn kì í tú gígé." Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ rí. Bí o bá rán an gbòdì, o lè tú u, kí o tún un rán. Bí o bá gé e gbòdì, ó parí nìyẹn. Nígbà tó wá di pé òun fúnra rẹ̀ ló gé e gbòdì, ó jókòó sílé, ó kọjú sí ògiri.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fìlà lé orí, ó jókòó tì mí, ó ń wo ojú kọ̀ńpútà bí ẹni ń wo aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán.

"Kí ni wọ́n ń pe gbogbo iwájú rẹ̀ yìí?"

"Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni, Bàbá. Orí tábìlì ló túmọ̀ sí."

"Tábìlì tí a fi ń gé aṣọ nìyẹn. Kí ló dé tí tìẹ rí wúruwùru báyìí?"

Ẹ gbà mí! Fáìlì gbogbo oníbàárà ló kún ojú rẹ̀ lóòótọ́. "Ta ló ń da aṣọ oníbàárà pọ̀ mọ́ra wọn?" ni bàbá mi wí. "Àpò tí o máa kó ti kálukú sí ńkọ́?" Mo fi ìbínú dá fódà sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà n kì í wá iṣẹ́ oníbàárà kankan tì.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ọ ní sévù gan-an ni mo kan sáárá sí i. Mo ní, "Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi pamọ́."

"Kí n fi pa mọ́ fún ta ni? Mo jí i ni?"

"Bàbá, bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ á lọ."

Ó ní, "Bí èèyàn bá rán aṣọ dé ìparí, tí kò ta òwú rẹ̀ ní kókó ńkọ́?"

"Á tú."

"Ṣé o wá rí i? Kì í ṣe pé kí o fi pa mọ́. Ta á ní kókó ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé ó ti là mí lójú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ yìí, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo bá tẹ ìlà díẹ̀, á ní, "Ta á ní kókó." Mo bá dìde fẹ́ mumi, "Ta á ní kókó!" Mo ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ o! Ṣé ẹ fẹ́ kí n ya wèrè ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń tẹ ìwé gígùn kan fún àwọn onílé àdúgbò wa ni wọ́n bá mú iná lọ lójijì. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ńpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa figbe ta, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti àárọ̀ ti lọ. Nígbà tí iná dé, tèmi pé, àfi ọ̀rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi kàn húkọ́. Ikọ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ! Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa fi ń pariwo ta-á-ní-kókó sí ara wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí kò gbà láti ṣe ni kátì, ìyẹn gígé. Ó ń ṣe kọ́pì, ó ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ibi tó wù ú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, "Ẹ gé e níbí," á ká ọwọ́ rẹ̀ kò. N kò tì í. Èmi náà mọ ohun tó fà á.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà ló wá bá a ṣe é. Ó ń tẹ nǹkan lọ, ìka rẹ̀ ṣèèṣì bá ibi tí kò fẹ́, gbogbo ìwé tó wà lójú kọ̀ńpútà gé lọ, ó ku funfun báláú. Bàbá mi dìde. "Mo ti tún bà á jẹ́," ló wí. Ohùn ọjọ́ sányán ni. Mo tẹ ọ́ńdù, gbogbo ìwé náà sì padà wá.

Ó rọra jókòó. "Kí lo ṣe sí i?"

"Mo tú u ni, Bàbá."

"Ṣebí gígé ni mo gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì tú gígé?"

"Mo tú gígé."

Ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Ó gé e, ó tú u. Ó tún gé e, ó tún tú u, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oníbàárà ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà, n kò dáhùn. Inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi.

Ìròyìn télọ̀ tó ń kọ́ kọ̀ńpútà kò pẹ́ dé Ọjà'ba. Ẹni tí mo kàn rí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ni sányán, ó gbé báàgì kan sábẹ́ abíyá. Ó ṣe sàlámà. Bàbá mi dáhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Mo gbé àga fún àlejò.

Nígbà tó yá, bàbá mi ní, "Wo èyí." Ó gé ìwé kan lójú kọ̀ńpútà, ó tú u.

"Ó dáa," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Aṣọ ńkọ́?"

"Aṣọ ò ní èyí."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí báàgì, ó fa sányán náà yọ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ rẹ̀ láyà. "N kò jù ú nù. A ṣì lè rí bùbá gé lára rẹ̀. Gé e fún mi."

"Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n."

"Ẹsẹ̀ tèmi náà ń gbọ̀n. Nígbà tí mo ní kò sí wàhálà, kí lo rò pé mò ń sọ? Níbi yìgì ọmọ mi, ìwọ ni mò ń wò lọ́nà, n kò wá agbádá."

Bàbá mi na ọwọ́ gba aṣọ náà. Èmi ni mo sáré lọ gbé àlùmọ́gàjí wá láti ilé. Mo ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́, a tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń gé e. Nígbà tí ojú gígé yà díẹ̀ lápá òsì, ó dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Máa gé e lọ," ó sì gé e dé òpin.

Ọjọ́ Iléyá, bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti yídì bọ̀ wá sílé wa, ọ̀rẹ́ náà wọ bùbá tí bàbá mi ti rán tán. Ojú mi ò ṣe é pa dé: apá òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ! Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ náà, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé e lọ fún télọ̀ kan lọ́la, kó tú apá yìí, kó tún un rán fún yín." Mo ti na ọwọ́ sí i.

Ó fa apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀," ló wí. "A ti ta á ní kókó."