Ewì Tó Sùn Nínú Yàrá Yìnyín

Òórùn bébà tó rẹ ló kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí a ṣílẹ̀kùn láíbìrì yunifásítì wa ní Houston, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìjì ńlá kan jà ní àwọn ọdún 1980. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó tó ń tọ́jú àwọn ìwé àfọwọ́kọ. Òrùlé ti jò sórí àpótí àgbàlagbà akéwì kan, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tó kó gbogbo ohun tó kọ láyé rẹ̀ fún wa. Ìyá náà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, kò lè tún wọn kọ mọ́. Àwọn ewì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà rí wà níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi ẹ̀kọ lẹ̀ wọ́n.

Ọ̀gá mi ní tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ nínú ooru yẹn, wọn á bu. Àfi kí a jẹ́ kí wọ́n dì. Iná kò sì sí káàkiri ìlú. Mo wá rántí Alájì, tó ń ta ẹran àti ẹja dídì fún àwa ará mọ́ṣáláṣí. Ó ní jẹnẹrétọ̀, a sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ó gbé Nàìjíríà wá sí Amẹ́ríkà. A wa ọkọ̀ lọ bá a.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, yàrá yìnyín yín la nílò.”

“Kí lẹ fẹ́ kó sí i?”

“Ewì ìyá àgbà kan ni, sà. Ìyá náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọn ò lè kọ òmíràn.”

Ó wo ọ̀gá mi, tí ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀, ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ẹran jáde.”

Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹran ewúrẹ́ lọ́jọ́ náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí iná dé, a kó àwọn bébà tó ti dì gbagidi náà lọ sí apá Clear Lake, sí ilé iṣẹ́ àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sí òfúrufú, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti fa omi ara wọn gbẹ pátápátá. Wọ́n ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà orí wọn ṣì hàn kedere. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ka àwọn ewì náà, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ọmọ akéwì náà ń kà, ètè ìyá rẹ̀ sì ń bá a lọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá náà ní kí wọ́n mú òun lọ bá Alájì láàárín èrò, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ọwọ́ yín gbóná,” ló wí. “Mo ti rò pé yóò tutù.”

Alájì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀.

Títọ́jú ìwé ni mo fi ṣe iṣẹ́ láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá sì bi mí pé ìgbà wo ni Houston di ilé mi, kì í ṣe ọjọ́ tí mo gba ìwé jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo máa ń sọ. Ọjọ́ tí mo jókòó láàárín èrò yẹn ni, tí mo ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí ìbá ti ṣègbé, tí mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà wà nínú ìyè rẹ̀.