Èyí Tó Ní Ọjọ́ Lórí

Sàrátù kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́. Oníbàárà tó bá kó aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlá, tó ní òun á kàn máa bọ̀ wá gbà á, Sàrátù kò ní fọwọ́ kàn án. "Ọjọ́ wo?" Ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ bi í. Bí kò bá dárúkọ ọjọ́, kó gbé aṣọ rẹ̀ kó máa lọ. Àwọn èèyàn ní ẹnu rẹ̀ le. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí kò fi pẹ́ nílé ọkọ. Ó gbọ́. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Iresi ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àgbẹ̀ oníṣu. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ nígbà tí ìbátan bàbá rẹ̀ kan dé láti Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ mú un lọ lo họlidé. Họlidé. Ẹ̀wù méjì péré ni ìyá rẹ̀ dì fún un, torí họlidé kì í pẹ́. Nílé tó lọ, ó pọn omi, ó fọ ìlédìí, ó kiri omi inú ọ̀rá, ó jẹ ìfọ́tí. Nígbàkigbà tó bá béèrè ìgbà tí òun máa padà, wọ́n á ní, "Láìpẹ́." Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin kó tó tún fojú kan Iresi. Ìyá rẹ̀ wò ó títí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ ta nìyí?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wí. Ìyá tó bí i.

Nígbà tó ṣe, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìlá. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọládùnní, kú sórí ìbímọ kejì tòun ti ọmọ inú rẹ̀, ó sì fi Ayọ̀ọlá sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè di bàtà ara rẹ̀. Gbénga, bàbá ọmọ náà, akọ̀wé káńsù ní Ọ̀tan Ayégbajú, gbé e wá lọ́jọ́ ìsìnkú. "Àǹtí, ẹ bá mi gbà á." Ó gbà á. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Ayọ̀ọlá.

Àfi ẹnì kan. Adérónkẹ́, ẹ̀gbọ́n Gbénga, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sókè òkun, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. "Sàrátù" lòun ń pè é. Nígbà mìíràn, "aránṣọ" lásán.

Ọjọ́ kejì Iléyá ọdún tó kọjá, Adérónkẹ́ jókòó sórí àga tó dára jù ní pálọ̀ Sàrátù, ó gbé fóònù rẹ̀ lé Ayọ̀ọlá lọ́wọ́. Fídíò ọgbà ìṣeré kan ní Èkó ni. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí po lókè. Ọkọ̀ kékeré tó ń forí gbára. Ibì kan tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ wìì láti òkè bọ́ sínú omi.

"Wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ," ni Adérónkẹ́ wí. "Ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Ayọ̀ọlá fò sókè. "Ìgbà wo, Màmá Èkó?"

"Ìgbàkigbà tó bá wù ẹ́."

Ọwọ́ Sàrátù, tó ń ṣẹ́ etí aṣọ kan lórí itan rẹ̀, dúró.

Adérónkẹ́ ṣàlàyé fún Gbénga tó jókòó nítòsí rẹ̀, kì í ṣe fún Sàrátù. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà. Ọ̀kan ní ọjọ́ lórí: ọjọ́ tí èèyàn bá mú ló gbọ́dọ̀ lọ, bí ọjọ́ bá kọjá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí gbígba owó padà. Ìkejì ṣeé yí. Láàárín ọdún kan gbáko, ọjọ́ tó bá rọ èèyàn lọ́rùn ló lè wọlé. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju ìyẹn lọ, òun lòun máa san án.

"Ìkejì yẹn ló dáa," ni Gbénga wí. "Òjò ń rọ̀, ọ̀nà ò dára, epo lè wọ́n lójijì. Èèyàn ò lè mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ ti Ìlá lọ sí Èkó nígbà òjò, èyí tó ṣeé yí ló yẹ kó rà. Sàrátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ara rẹ̀ gbóná gan-an nìyẹn.

"Ẹ ra èyí tó ní ọjọ́ lórí."

Adérónkẹ́ gbójú sókè. "Aránṣọ, ṣé o gbọ́ àlàyé tí mo ń ṣe?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ra èyí tó ní ọjọ́."

"Tí òjò bá wá rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Ṣebí inú omi náà lẹ ní ó ń lọ."

Ayọ̀ọlá bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Gbénga wúkọ́. Adérónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kò rìn kọjá Ọ̀tan rí, kí ló kàn án nínú tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Mo ti dé Ìbàdàn, mà. Wọ́n mú mi lọ họlidé."

Gbénga mọ ìtàn yẹn. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló máa lọ, ọjọ́ wo ló máa dé?" ni Sàrátù wí. "Ìyẹn nìkan ni mò ń béèrè."

"Kí ló dé tó o ń ṣe bí ọlọ́pàá? Ọmọ àbúrò mi ni."

"Ọmọ àbúrò tèmi náà ni. Tèmi ló wà ní sàréè."

Adérónkẹ́ gba fóònù, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sọ ohùn di oyin. "Má dá wọn lóhùn, ọmọ dáadáa. A máa lọ, a tún máa lọ. Èmi pẹ̀lú ẹ, a ó jọ máa wálé fún Kérésì, a ó jọ máa wálé fún Iléyá, wàá máa kó ẹ̀bùn bọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ."

Máa wálé.

Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ẹni tó ń gbé ní Ìlá pé kó máa wálé. Ará Èkó ló ń wálé. Ará Ìbàdàn. Àwọn tó wà lókè òkun, tí wọ́n ń fi ọdún bojú wo ilé. Ọmọ tó lọ ṣeré nínú omi lọ́jọ́ kan péré, ńṣe ló máa padà dé. Kì í wálé.

Aṣọ bọ́ lórí itan Sàrátù. Ó dìde.

"Kí lo wí?"

Lo. Kì í ṣe lẹ. Gbénga gbọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlá, bó ti wù kínú bí i tó. Àgbà ni Adérónkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò rẹ̀ ni.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ. Ta ni yóò máa wálé? Ibo ni yóò ti máa wálé?"

Adérónkẹ́ kò tilẹ̀ jiyàn. "Ó dáa. Kí n má parọ́ fún ẹ. Mo ti rí iléèwé fún un ní Èkó. Iléèwé gidi. Kí lo fẹ́ fi ọmọ ṣe níhìn-ín? Kó máa bá ẹ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tójú ẹ bá di bàìbàì? Gbénga náà mọ̀ sí i."

Sàrátù yí sí Gbénga.

"Àǹtí," ni Gbénga wí, "mo fẹ́ sọ fún yín tẹ́lẹ̀... A ní kínú ọmọ kọ́kọ́ dùn ná."

"Ẹ wá ń fi omi dẹ ọmọ bí ẹni dẹ ẹja. Bó bá dé ọ̀hún, ẹ ó ní ẹ ò tíì ráyè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ò kúkú tíì bàjẹ́." Ó ń mí hélehèle. "Èyí tó ní ọjọ́ ni ẹ máa rà. Méjì. Tirẹ̀ àti tèmi. A ó lọ ní Jímọ̀, a ó padà ní Sọ́ńdè. Tàbí kí ó má kúrò nínú ilé yìí. Gbénga, ìwọ ni bàbá. Sọ̀rọ̀."

Gbénga kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ń tì í. Ojú ló tì í, kì í ṣe pé ó ní ìgboyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tó ní ọjọ́."

Adérónkẹ́ fi ìka gún fóònù bíi pé ojú Sàrátù ló ń gún. "Mo ti rà á. Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Bó bá bàjẹ́, ọrùn ẹ ló wà."

"Ọrùn mi náà ni."

Adérónkẹ́ jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ayọ̀ọlá ń kọrin kiri ilé. Sàrátù pàápàá rán ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ fún un látara aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Ó gbà pé àwọn yóò lọ. Ọ̀rọ̀ àlọ nìkan kọ́ ló ń dùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Sátidé náà pé, fóònù dún.

"Sàrátù, ó mà ṣe o." Ohùn Adérónkẹ́ dùn bí ẹni tó ń kíni kú oríire. "Ibi iṣẹ́ ní kí n dé Àbújá, mi ò sí nílé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yí la rà ni, à bá kàn sún un."

"Àwa méjèèjì lè dá lọ síbẹ̀."

"Inú fóònù mi ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, fóònù mi sì ń bá mi lọ. Jẹ́ kí ọmọ ṣì máa bọ̀, ìyàwó aládùúgbò mi á gbà á. Bí mo bá dé, a ó ra òmíràn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ìwọ náà! Ìgbà tí mo bá dé."

Sàrátù pa fóònù.

Ayọ̀ọlá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Èyí tí Màmá Èkó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, kò ní bàjẹ́, àbí?"

"Kò ní bàjẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

"Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Mo fẹ́ lọ!"

"O ò lọ."

"Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá mi!"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó jókòó sí Sàrátù láyà. Sàrátù lè sọ ti Ìbàdàn fún un, ti omi inú ọ̀rá, ti ìyá tó béèrè pé ọmọ ta nìyí. Kò sọ ọ́. Ọmọ tí inú ń bí kò ní gbọ́, yóò kàn rò pé Sàrátù ń ṣàwáwí ni.

Sátidé mọ́. Òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Oòrùn yọ kanlẹ̀, bí ọjọ́ tó dára fún eré nínú omi. Gbénga wá láti Ọ̀tan pẹ̀lú bisikíìtì nínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ le jù." Ó lọ. Ayọ̀ọlá kò jẹ bisikíìtì, kò jẹ ìrẹsì. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ó sì ní tí òun bá dàgbà, òun á dá lọ sí Èkó, òun ò sì ní padà mọ́.

"Bó o bá dàgbà," ni Sàrátù wí.

Ó gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Kí ọmọ náà kórìíra òun títí dọ̀la, títí dọ̀tunla. Inú ilé yìí ni yóò ti kórìíra òun.