Bọ́ọ̀lù Inú Oṣù Ààwẹ̀

Orí bàbá náà ń gbá fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, gbì, gbì, wọn ò sì jí. Mo jókòó tì wọ́n, mo gbé àpò ọ̀rá lé itan. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín ló wà nínú rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà rẹ̀ sì ti gba gbogbo inú ọkọ̀. Èmi nìkan ni mo ni oúnjẹ náà. Oṣù ààwẹ̀ ni, bàbá ò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ilẹ̀kùn ṣí, tí otútù wọlé, wọ́n á la ojú kan, wọ́n á wò mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún pa á dé.

Daddy Ìsàlẹ̀ la máa ń pè wọ́n, nítorí abẹ́ fúláàtì wa gan-an ni wọ́n ń gbé, ní ẹ́sítéètì Woolwich Dockyard. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe, wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láàárín ìgboro. Ní gbogbo Sátidé, ìyá mi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, ọ̀dọ̀ Daddy Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ń fi mí sí. Ibi tí wọ́n bá ń lọ ni mò ń bá wọn lọ. Ìdí bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń lọ.

Ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sọ. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni, àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ ló kún inú rẹ̀, lọ́jọ́ òjò sì rèé, ajá lè pọ̀ ju èèyàn lọ létí pápá wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá ní ló ń gbá ẹ̀yìn fún wọn. Ọmọ náà fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ láìsọ fún bàbá rẹ̀. Ìjà dé, ọmọ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Thamesmead, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ìlú tí ẹgbẹ́ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù tí bàbá ò ní tẹ̀ lé wọn. A ó dúró lẹ́yìn irin tó yí pápá ká, ọmọ á rí bàbá, bàbá á rí ọmọ, kò sẹ́ni tó máa kí ẹnì kan. Bàbá ń retí kí ọmọ wá dọ̀bálẹ̀, bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n bí sí London ń retí kí bàbá pe òun. Ààyè wà nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ fún gbogbo olólùfẹ́ wọn, àmọ́ inú rẹ̀ lọmọ jókòó sí, ni àwa bá ń fẹsẹ̀ wa wọ́lẹ̀ láti ọkọ̀ kan dé òmíràn. Mo kórìíra rẹ̀, ká má parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn nínú yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́.

"Tótó, ó ṣe bí òwe, Daddy," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra."

"Wàá pa òmíràn," ni bàbá dáhùn, wọ́n ń so okùn bàtà. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣípá ni wọ́n ń gbé."

"Night shift lẹ ti bọ̀, ẹ tún gba ààwẹ̀. Ṣé ẹ ò lè sinmi lónìí?"

"Mo gbọ́ pé ó ti rí iṣẹ́ sí Manchester. Ìdíje Cup yìí ló ń dá a dúró. Tí wọ́n bá lu ẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí, ó ń lọ nìyẹn."

Ìyá mi ká fìlà mi bo etí dáadáa.

Ìlú kékeré kan létí òkun ní Kent ni a lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbá wa lójú, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, òórùn àlùbọ́sà díndín ń ti ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà wá bá wa. Obìnrin tó ń ta tíì rí i pé ara bàbá ń gbọ̀n, ó na ife kan sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Àwọn tó yí wa ká ń pariwo mọ́ rẹfirí. Bàbá kì í pariwo. Ojú wọn kì í kúrò lára ẹnì kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù ì báà wà níbikíbi.

Góòlù kan sí ẹyọ kan ni wọ́n parí sí, ni wọ́n bá fi àkókò kún un. Wọ́n tan iná pápá, oòrùn sì wọ̀.

"Daddy, it's time," ni mo wí. "Ẹ ṣínu."

Wọ́n yọ dàbínù kan látinú àpò kóòtù. Nílé, omi ti máa ń wà lọ́wọ́ wọn kí oòrùn tó wọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń yára ṣínu tó wọn. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n di dàbínù náà mú, wọn ò gbé e sẹ́nu.

"Dúró ná," ni wọ́n wí.

Ó di pẹnárítì. Ọmọ wọn ló gbá èyí tó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lókè òpó, ó bọ́ sínú ọgbà ẹlòmíì lẹ́yìn pápá. Àwọn ará ìlú náà hó yèè. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níbi tó ti gbá a. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ bà á lórí, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku òun nìkan nínú iná yẹn.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gba abẹ́ irin kọjá, wọ́n di ìbàdí mú. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàtà tí wọ́n fi ń lọ kírun Jímọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹrẹ̀ sì ń fà á ní gbogbo ìgbésẹ̀. Wọ́n dé iwájú ọmọ, wọ́n dúró. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n fẹ́ bá a wí.

"O kú iṣẹ́," ni bàbá wí.

Mo kéré, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí. Nínú gbogbo ilé tí mo mọ̀, àgbà ń jókòó gba ìkíni ni. N ò rí i rí kí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rìn lọ bá ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ jà, kó sì kọ́kọ́ kí i.

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò wọ́n pẹ́.

"Daddy, ẹ ti ṣínu?"

"Rárá. Mò ń wò ẹ́ ni."

Bí ó ṣe dìde nìyẹn, tó sáré lọ gbé ìgò omi àwọn agbábọ́ọ̀lù wá. Inú ẹrẹ̀ náà ni bàbá jókòó sí, ọmọ sì di ìgò mú fún wọn títí wọ́n fi mu ún tẹ́rùn. Mo ń sunkún, n ò mọ ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ló gbé wa délé, àwọn méjèèjì sì sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ náà lọ sí Manchester síbẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń gbọ́ ohùn bàbá láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pariwo sínú fóònù bíi pé okùn ò ní gbé e débẹ̀.

Mo ti bímọ báyìí. Ọmọge kékeré ni ọmọ mi, bí a bá sì ti jà, á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò ní kí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Màá tibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìn á máa ro mí, màá dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ mi á máa sọ pé èmi ni ìyá, òun ló yẹ kó wá. Ó máa ń rẹ̀ mí ju iṣẹ́ tí mo ti ṣe bọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà màá kí i. Nígbà mìíràn, kò ní dáhùn. Màá tún kí i.